Ẹni Tí Ìjọba Fi Ṣọ́ Ọtí: Ọ̀rọ̀ sí Àwọn Ará Agbówà àti Gbogbo Etí Ọ̀sà

Nínú gbogbo àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń wọ inú ọjà wa, kò sí èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ ṣókùnkùn sí àwọn ènìyàn tó ti ẹni tí a yàn láti máa fún àwọn olùtà ọtí ní ìwé àṣẹ. Bí wolé-wolé bá dé, tọmọdé tàgbà ni ó mọ ohun tí ó wá wò: àmù omi, ilé ìdáná, àti kòtò ẹ̀yìnkùlé. Bí ọlọ́pàá bá dé, a mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan ti ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí òṣìṣẹ́ ìwé àṣẹ ọtí bá yọ lójú ọ̀nà, èrò kan ṣoṣo ni í sọ sí ọkàn ọlọ́jà: owó ni ó wá gbà. Bí ó bá gba owó náà tán, tí ó já rìsíìtì, tí ó sì bá tirẹ̀ lọ, olùtà yóò mí kanlẹ̀, òun náà yóò sì gbà pé iṣẹ́ òòjọ́ òun ti parí.

Ẹ̀yin olùkà wa ọ̀wọ́n, ibẹ̀ ni àṣìṣe náà wà. Owó ni ó kẹ́yìn nínú iṣẹ́ òṣìṣẹ́ yìí. A dá iṣẹ́ náà sílẹ̀ nítorí pé ọtí kò dàbí iyọ̀, kò sì dàbí aṣọ; ó jẹ́ ọjà tí ó lè mú inú dùn níbi ìsọmọlórúkọ, tí ó sì lè sọ ilé di ahoro. Ẹni tí ìjọba fi ṣọ́ irú ọjà bẹ́ẹ̀ kò yẹ kí a fi iye owó tí ó kó wálé díwọ̀n rẹ̀. Ìgbàkúgbà tí owó bá di àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ rẹ̀, ìlú ni í san gbèsè náà. Èyí ni mo fẹ́ kí a jùmọ̀ yẹ̀ wò lónìí.

Ta ni ó ni àṣẹ náà?

Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999, nínú àfikún rẹ̀ kẹrin, ka àwọn iṣẹ́ tí í ṣe ti ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Láàárín wọn ni a ti rí fífún olùtà ọtí ní ìwé àṣẹ, ṣíṣe ìlànà fún títà rẹ̀, àti kíkó títà náà ní ìjánu. Ẹ kíyè sí i pé ìsọ̀rí kan náà ni a to èyí sí pẹ̀lú ìṣàkóso ṣọ́ọ̀bù, ilé oúnjẹ, ilé búrẹ́dì àti ilé ìfọṣọ. Àwọn tí ó kọ òfin náà kà á sí ọ̀rọ̀ àdúgbò, ohun tí ẹni tí ó mọ ojúlé sí ojúlé ni ó lè bójú tó o dáradára. Òfin ọdún 1998 tí ó pín owó orí àti owó ìwé àṣẹ láàárín ìjọba àpapọ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ sì fi owó ìwé àṣẹ ọtí sí ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀, ìbáà ṣe ti ibi tí a ti ń jókòó mu ún, ìbáà ṣe ti ibi tí a ti ń rà á lọ sílé.

Ní ti Agbówà wa, ọ̀rọ̀ náà ní ẹ̀ka kan tí ó yẹ kí oníṣòwò mọ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ Ẹ̀pẹ́ jẹ́ ọ̀kan nínú ogún (20) tí òfin 1999 to orúkọ wọn fún ìpínlẹ̀ Èkó. Ní ọdún 2003, ìjọba ìpínlẹ̀ náà dá mẹ́tàdínlógójì (37) mìíràn sílẹ̀, Ìkòsì-Ejìnrìn sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Agbówà. Ní oṣù kejìlá ọdún 2004, ilé ẹjọ́ tí ó ga jùlọ ní ilẹ̀ wa dájọ́ pé ìpínlẹ̀ ní agbára láti dá wọn sílẹ̀, ṣùgbọ́n pé wọn kò lè fìdí múlẹ̀ pátápátá títí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ yóò fi ṣe ipa tirẹ̀. Láti ìgbà náà ni a ti ń pè wọ́n ní agbègbè ìdàgbàsókè. Èmi kò wá dá ẹjọ́ tí àwọn adájọ́ ti dá. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìyá tí ń ta bíà lẹ́bàá ọ̀nà Ìtóìkín ní ẹ̀tọ́ láti bi ẹnikẹ́ni tí ó bá na ọwọ́ sí i pé, “Ọ̀gá, ta ni ó rán yín? Ìwé yín dà?” Ojúṣe òṣìṣẹ́ tòótọ́ sì ni láti dá a lóhùn pẹ̀lú sùúrù, kí ó sì fi ìwé rẹ̀ hàn án, kí ìyá náà má baà san owó kan náà fún ẹni méjì.

Bí ìjọba ti ṣe jẹ nínú ọtí ní àtijọ́

Àwọn àgbà a máa wí pé bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ kí a wo ẹ̀yìn díẹ̀.

Ní ayé àwọn baba ńlá wa, ọjà Ejìnrìn ni ojúde tí Ìjẹ̀bú àti Èkó ti ń pàdé. Ọkọ̀ ojú omi a kó epo pupa, èkùrọ́ àti oúnjẹ lọ sí Èkó. Bí ó bá ń padà bọ̀, a kó aṣọ, iyọ̀, àti àpótí ọtí jíìnì. Láti Hamburg ní ilẹ̀ Jámánì àti Rotterdam ní ilẹ̀ Hólàǹdì ni ọ̀pọ̀ ọtí náà ti ń wá, nínú àwọn ìgò onígun mẹ́rin tí àwọn àgbà mìíràn ṣì ń tọ́jú sí ìdí àga títí di òní. Ní àwọn ibòmíràn, àpótí jíìnì di owó pàápàá: a fi ń san ìtanràn, a fi ń fẹ́ ìyàwó, a sì ń kó o pamọ́ bí ẹni ń kó ọrọ̀ pamọ́.

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó kì í gba owó orí lọ́wọ́ ẹnìkọ̀ọ̀kan ní ìgbà náà. Owó ibodè ni ó fi ń jẹun. Ní ọ̀pọ̀ ọdún kí ogun 1914 tó dé, ju ìdajì owó ibodè náà lọ ni ó ń ti inú ọtí jáde. Ẹ rò ó wò: owó oṣù ọlọ́pàá, owó oṣù akọ̀wé, owó ọ̀nà àti afárá, bí a bá wo ìdí wọn, ìgò jíìnì ni. Àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ṣe àdéhùn kan ní Brussels ní ọdún 1890. Wọ́n ní kí a má ṣe jẹ́ kí ọtí líle wọ àwọn ibi tí kò tíì dé ní ilẹ̀ Áfíríkà, kí a sì bu owó ibodè lé e níbi tí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Etí òkun wa wà lára àwọn ibi tí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, àwa kò rí ìdènà. Owó ibodè ni a rí, wọ́n sì tún bu kún un nípa àdéhùn ọdún 1899 àti ti 1906.

Àwọn kan kò dákẹ́. Bíṣọ́ọ̀bù Herbert Tugwell pariwo títí ariwo náà fi dé London. James Johnson, àlùfáà Breadfruit tí gbogbo Èkó mọ̀ sí Holy Johnson, tí ó di bíṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn náà, bá òwò ọtí jà pẹ̀lú. Nígbà tí ariwo pọ̀, ìjọba yan ìgbìmọ̀ ìwádìí kan ní ọdún 1909, Sir Mackenzie Chalmers sì ni alága rẹ̀. Ìgbìmọ̀ náà gbọ́ ẹ̀rí lẹ́nu àwọn ọba, àwọn oníṣòwò, àwọn dókítà, àti àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run. Ìdájọ́ wọn ni pé àwọn ènìyàn Gúúsù Nàìjíríà kì í ṣe ọ̀mùtí, àti pé wọn kò rí ẹ̀rí pé jíìnì ń ba ìran wa jẹ́.

Ó lè jẹ́ pé òtítọ́ ni wọ́n sọ. Ó ṣeé ṣe kí bíṣọ́ọ̀bù náà fi iyọ̀ kún ọ̀rọ̀ rẹ̀ jù. Ṣùgbọ́n ìjọba tí ó bá ń fi owó ọtí san owó oṣù kò lè dá ẹjọ́ ọtí kí ayé gbà á gbọ́. Ẹnu tí ó jẹ dòdò kò lè sọ òdodo. Bí ó tilẹ̀ sọ òdodo, ta ni yóò gbà á? Ẹ sì wo bí ọ̀ràn náà ti yí padà: nígbà tí ogun 1914 ti òwò Jámánì mọ́lẹ̀, tí owó ọtí sì fà sẹ́yìn, ó di ohun tí ó rọrùn láti fi òpin sí i. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹsàn-án ọdún 1919, wọ́n fi ọwọ́ sí àdéhùn mìíràn ní Saint-Germain ní ilẹ̀ Faransé, èyí tí ó fi òfin de ọtí òwò olówó pọ́ọ́kú náà. Ohun tí ogún ọdún ìwàásù kò lè ṣe, òfo àpò ṣe é.

Nígbà tí ògógóró dé

Ọtí kò sì parí síbẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1930 àti 1931, nígbà tí ọrọ̀ ajé gbogbo ayé dojú dé, tí ọtí òyìnbó sì wọ́n jù fún ẹni tí ń ta epo, àwọn ènìyàn wa kọ́ bí a ti ń sè ọtí láti inú ẹmu àti ògùrọ̀. Iṣẹ́ náà kò ṣòro fún ẹni tí ó ní ọgbọ́n ọwọ́. A óò jẹ́ kí ẹmu kan dáradára; a óò dà á sínú àgbá, a óò dáná sí i nídìí; oruku rẹ̀ yóò gba inú páìpù bàbà kọjá nínú omi tútù, ibẹ̀ ni yóò sì ti máa kán sílẹ̀ ní funfun gbòò bí omi. Ẹmu àti bíà kì í sábà ju bíi ìdá 5 nínú 100 lọ ní agbára ọtí. Ohun tí ń kán láti ẹnu páìpù yìí lè tó ìdá 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí ni ògógóró.

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sọ pé májèlé ni, ó sì fi òfin dè é. Ọlọ́pàá wọ inú igbó, wọ́n fọ́ àgbá, wọ́n kó páìpù, wọ́n mú àwọn ènìyàn lọ sí ẹ̀wọ̀n. Ṣùgbọ́n àwọn ará ìlú kò gbà pé ìlera àwọn ni ìjọba ń rò. Wọ́n wí pé nítorí owó ibodè lórí ọtí òkèèrè ni ìjọba ṣe ń bá tiwọn jà. Ọ̀rọ̀ wọn kò ṣaláì ní ìdí, nítorí wọ́n rántí jíìnì. Bẹ́ẹ̀ ni ògógóró wọ inú òkùnkùn, tí ó ń gba ojú omi kọjá lóru, láìsí ẹni tí ń yẹ̀ ẹ́ wò. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà pẹ̀lú, níbi tí wọ́n ti fi òfin de gbogbo ọtí láti ọdún 1920 títí di 1933, tí ọtí sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn jàǹdùkú títí ìjọba fi fa òfin náà ya. Ẹ̀kọ́ kan wà nínú rẹ̀ fún wa: òfin tí ará ìlú bá ti rí owó lẹ́yìn rẹ̀, wọn kì í bu ọlá fún un, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin náà ní ìdí rere.

Àwọn ará Gothenburg ní ilẹ̀ Swídìn gbìyànjú ọ̀nà mìíràn ní ọdún 1865. Wọ́n gba títà ọtí líle kúrò lọ́wọ́ ẹnìkọ̀ọ̀kan, wọ́n fi í fún ẹgbẹ́ kan, wọ́n sì pàṣẹ pé àwọn tí ó ni ẹgbẹ́ náà kò gbọdọ̀ jẹ ju èrè kékeré tí a ti là sílẹ̀ lọ; ìyókù di ti ìlú. Èrò wọn ni pé ẹni tí kò jèrè púpọ̀ nínú ọtí kò ní máa rọ ọ̀mùtí láti mu sí i. Èrò náà dára, ọ̀pọ̀ ìlú sì ṣe àfarawé rẹ̀. Síbẹ̀ àwọn tí ń wo ọ̀rọ̀ náà láti ẹ̀gbẹ́ sọ pé àpò ìlú fúnra rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ràn owó náà. Ẹ̀yin ará mi, ìdánwò náà kò mọ àwọ̀ ara, kò sì mọ ilẹ̀.

Kí ni ó yẹ kí òṣìṣẹ́ náà máa ṣe?

Èkíní, kí ó mọ ohun tí à ń tà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kú lójijì ní Òde-Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Orí a fọ́ wọn, ojú wọn a ṣókùnkùn, wọn a dákú, ikú a sì dé kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọn kan wí pé òrìṣà Malokun ni ó ń bínú nítorí ohun tí a jí kó nínú ojúbọ rẹ̀. Kí ó tó yé gbogbo ènìyàn, bí ènìyàn méjìdínlógún (18) ti lọ. Àyẹ̀wò fi hàn pé ọtí tí wọ́n mu ni ó pa wọ́n: methanol wà nínú rẹ̀, èyí tí í ṣe kẹ́míkà ilé iṣẹ́ tí ó jọ ọtí lójú àti lóòórùn, ṣùgbọ́n tí ń fọ́ ènìyàn lójú tí ó sì ń pani. Kò pẹ́ tí irú ikú náà fi ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Rivers. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, ìjọba àpapọ̀ kéde pé títà ògógóró di èèwọ̀.

Ta ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ gbọ́ pé ọtí àjèjì kan ti wọ ọjà, tí owó rẹ̀ kéré ju bí ó ti yẹ lọ? Òṣìṣẹ́ àdúgbò tí ó mọ olùtà kọ̀ọ̀kan ni. NAFDAC wà, ọwọ́ wọn sì wà lára ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ojú wọn kò lè tó gbogbo ẹ̀bá ọ̀sà láti Ìkòròdú dé Ẹ̀pẹ́. Bí òṣìṣẹ́ wa bá ń bi olùtà pé, “Níbo ni ẹ ti ra èyí? Lọ́wọ́ ta ni?” tí ó sì ń kọ ìdáhùn sílẹ̀, ìwé kékeré náà lè gba ẹ̀mí là. Bí ó bá jẹ́ pé “Ẹ mú owó wá” nìkan ni ó mọ̀ ọ́n wí, olùtà yóò fi àgbá pamọ́ kí ó tó dé, wọn kò sì ní rí i títí ikú yóò fi fi í hàn.

Èkejì, kí ó wo ibi tí à ń tà á. Ilé ọtí tí ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú ilé ọtí tí ó wà ní ẹ̀yìn ọjà. Ní agbègbè wa, níbi tí mọ́ṣáláṣí pọ̀ tí ṣọ́ọ̀ṣì sì pọ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò fi ẹnu kan ọtí rí. Òṣìṣẹ́ àwọn náà ni. Kí ó tó fi ọwọ́ sí ìwé, ó yẹ kí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ibẹ̀, kí ó béèrè lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò, kí ó sì wo aago tí ariwo ń dákẹ́ lálẹ́. Ìwé àṣẹ tí a kọ láti orí tábìlì láìrí ilé náà kò yàtọ̀ sí rìsíìtì.

Ẹ̀kẹta, kí ó dáàbò bo ọmọdé. Ọtí inú ọ̀rá kékeré, tí kò ju ìwọ̀n mílílítà 30 lọ, tí owó rẹ̀ kò sì ju owó oúnjẹ ọmọ ilé ìwé, ni ó mú kí ọ̀rọ̀ yìí di ìjọ̀ngbọ̀n. Ọmọ lè fi í sínú àpò aṣọ ilé ìwé, kí olùkọ́ má sì mọ̀. Ní ọdún 2018, ìjọba àti àwọn tí ń ṣe ọtí fi ọwọ́ sí ìwé àdéhùn pé àwọn yóò dáwọ́ rẹ̀ dúró díẹ̀díẹ̀. Ní ọdún 2022, NAFDAC kò forúkọ tuntun sílẹ̀ fún irú ọtí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ní oṣù kejì ọdún 2024, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ líle mú òfin náà. Àwọn oníléeṣẹ́ ké pé iṣẹ́ yóò bọ́ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn, àwọn aṣòfin dá sí i, wọ́n sì sún ọjọ́ náà síwájú di ìparí ọdún 2025. Bí àwọn ńlá bá ń fa okùn náà lọ tí wọ́n ń fà á bọ̀, ọmọ tí ó wà ní Agbówà kò lè dúró dè wọ́n. Òṣìṣẹ́ àdúgbò lè sọ fún olùtà kọ̀ọ̀kan pé, “Bí mo bá gbọ́ pé ẹ ta fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún (18), ìwé yín ti bọ́.” Kí ó sì ṣe é. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Ẹ̀kẹrin, kí ó mójú tó gáréèjì. Gbogbo wa ni a mọ páràgà, tí a fi egbò àti ewé sí nínú ìgò, tí a ń pè ní oògùn jẹ̀dí, tí awakọ̀ fi ń la ojú ní òwúrọ̀. Ọtí líle ni ó wà nídìí rẹ̀. Ẹni tí ó bá mu ún tí ó sì gun ọ̀kadà tàbí tí ó wa bọ́ọ̀sì láti Ìkòròdú lọ sí Ẹ̀pẹ́, ẹ̀mí àwọn ẹlòmíràn ni ó kó dání. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1988, lè mú awakọ̀ lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó lè sọ pé ìgò kò gbọdọ̀ dúró ní gáréèjì rárá ni ẹni tí ń fúnni ní ìwé àṣẹ.

Ẹ̀karùn-ún, kí ó ṣe ẹ̀tọ́ fún olùtà. Ọ̀pọ̀ olùtà ọtí jẹ́ opó tàbí ìyá tí ń fi àpótí bíà méjì rán ọmọ níwèé. Wọn kì í ṣe ọ̀tá ìlú. Kí iye owó ìwé hàn gbangba lára ògiri ilé iṣẹ́ ìjọba. Kí a má ṣe díye lé olùtà bí ẹni ń náa ẹja. Kí ìwé náà jáde ní àkókò. Bí a bá sì kọ̀ láti fún ẹnìkan, kí a sọ ìdí rẹ̀ fún un lórí ìwé. Bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, a fi tòsì fà á mọ́ra. Olùtà tí a bá bá lò pẹ̀lú òdodo ni yóò wá sọ fún òṣìṣẹ́ pé ọkọ̀ kan gbé ọtí tí kò mọ́ wá lánàá.

Àwọn tí yóò takò wá

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò wí pé ìjọba ìbílẹ̀ kò lówó, pé bí òṣìṣẹ́ kò bá mú owó wálé, kí ni a ó fi gbá ọjà? Ìbéèrè gidi ni. Ìdáhùn mi ni pé kí a gba owó náà. Owó ìwé àṣẹ wà nínú òfin, ẹni tí ó ń tà sì gbọdọ̀ san án. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe fi í ṣe ìwọ̀n iṣẹ́ òṣìṣẹ́. Nígbà tí a bá pàṣẹ fún ènìyàn pé kí ó mú iye báyìí wá ní oṣù yìí, a ti sọ fún un, láìlanu, pé kí ilé ọtí pọ̀ sí i. Kò sí bí yóò ṣe ti èyí tí ó burú pa, nítorí ẹni tí ó bá ti ṣọ́ọ̀bù pa ti ti owó ara rẹ̀ pa.

Ẹlòmíràn yóò wí pé ọtí wà nínú àṣà wa, pé kò sí ìdána tí kò sí ọtí nínú ẹrù rẹ̀. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n àṣà wa kan náà mọ ìwọ̀n. Àwọn baba wa ni wọ́n sọ fún wa pé Ọbàtálá, tí Olódùmarè rán láti wá dá ilé ayé, mu ẹmu yó lójú ọ̀nà, ẹlòmíràn sì ṣe iṣẹ́ náà. Títí di òní àwọn olùsìn rẹ̀ kì í mu ẹmu. Àwọn tí ó sọ ìtàn yìí kò kórìíra ẹmu. Wọ́n ń dá a. Wọ́n kàn mọ̀ pé ẹni tí a fi iṣẹ́ ńlá rán kò gbọdọ̀ dúró nídìí agbè. Àwa náà ti fi iṣẹ́ ńlá rán òṣìṣẹ́ yìí, bí owó agbè bá sì wọ̀ ọ́ lójú, bí ẹni pé ó ti mu ún yó náà ni.

Ohun tí ó kù fún wa láti ṣe

Kò dára kí a di gbogbo ẹrù ru ẹnìkan. Àwa ará ìlú ní tiwa. Bí ẹ bá wọ ilé ọtí, ẹ wo ògiri: ṣé ìwé àṣẹ wà níbẹ̀, ṣé ti ọdún yìí ni? Bí ẹ bá jẹ́ olùtà, ẹ má ṣe san owó láìgba rìsíìtì, ẹ má sì ra ọtí lọ́wọ́ ẹni tí kò lè sọ ibi tí ó ti rí i. Bí ẹ bá jẹ́ òbí, ẹ má ṣe rán ọmọ lọ ra ọtí, nítorí ọmọ tí a ń rán ni yóò rán ara rẹ̀ lọ́la.

Ní ti àwọn káńsẹ́lọ̀ wa àti àwọn alága, ìbéèrè kan ni mo fẹ́ kí àwọn ìlú wa máa bi wọ́n ní ìparí ọdún. Ẹ máa ń ka iye owó tí ó wọlé fún wa. Ó dára, ẹ kà á. Lẹ́yìn náà, ẹ ka ìwọ̀nyí fún wa pẹ̀lú: ilé ọtí mélòó ni òṣìṣẹ́ yín fi ẹsẹ̀ rìn dé? Mélòó ni ẹ kọ̀ láti fún ní ìwé nítorí pé ó sún mọ́ ilé ẹ̀kọ́ jù? Mélòó ni ẹ gba ìwé lọ́wọ́ wọn nítorí ọmọdé? Ẹ̀ẹ̀mélòó ni ẹ mú ọtí tí ẹ fura sí lọ fún àyẹ̀wò? Bí ìdáhùn bá jẹ́ òdo ní gbogbo rẹ̀, tí owó sì pọ̀, ẹ jẹ́ kí a mọ̀ pé agbowó ni a ní, a kò tíì ní olùṣọ́.

Àwọn tí ó kú ní Òde-Ìrèlè kò kú nítorí àìsí òfin. Òfin wà, ilé iṣẹ́ ìjọba wà, owó sì ń wọlé. Olùṣọ́ tí yóò gbọ́ òórùn ewu kí ó tó wọ ife ni kò sí níbẹ̀. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a fi irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ kọ́ wa ní Agbówà.